Àga Méjì Níwájú Ọ́fíìsì Ìjọba

Lọ́dọọdún, tí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọ kan máa ń kọ́ ilé ẹran kékeré síwájú ọ́fíìsì ìjọba: Màríà tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, Jósẹ́fù tí imú rẹ̀ ti kán, àgùntàn mélòó kan, àti ọmọ jòjòló nínú ibùjẹ ẹran. Lọ́dọọdún náà ni inú máa ń bí atúnaagoṣe kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rí-Dà. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ó ní ilẹ̀ gbogbo ìlú kì í ṣe àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Nígbà tí ìkejìlá dé, akọ̀wé ìjọba ní kí àwọn aláìgbàgbọ́ náà wá gba àyè tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí etí òun lè sinmi. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé e: ohun tí kò bá ní olùṣọ́, òun á ní kí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́, torí pé olè ti gbé àgùntàn kan lọ rí.

Wàhálà wá dé. Kí lèèyàn fi ń ṣàfihàn pé òun ò gba nǹkan kan gbọ́? Aláìgbàgbọ́ márùn-ún péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rí-Dà. Wọ́n yan alága, wọ́n yan akápò, wọ́n fi orin bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Nígbà tó máa di ìpàdé kẹta, wọ́n ti lé ẹni méjì jáde, wọ́n ní àìgbàgbọ́ wọn ò dúró ṣinṣin. Àwọn méjì míì bínú lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ló bá ku Ẹ̀rí-Dà nìkan, pẹ̀lú àga kan àti pátákó tó kọ "RONÚ" sí gàdàgbà.

Ta ló ń ṣọ́ ilé ẹran? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí kò ti dá àbúrò rẹ̀ lóhùn. Níbi tí wọ́n ti ń sin ọkọ rẹ̀, pásítọ̀ ní olóògbé ti dé ibi ìsinmi, gbogbo èèyàn ní "Àmín", àbúrò ní "Ẹ̀rí dà?" Irú ẹnu wo nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn obìnrin yìí ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí tó fi dàgbà. Ó ń dun Ẹ̀rí-Dà gan-an. Kò sóhun tó wù ú ju kó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, àmọ́ "ẹ má bínú" kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Agídí pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Obìnrin náà á máa nu eruku ara àgùntàn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìtọ̀ ń gbọ̀n Ẹ̀rí-Dà. Akọ̀wé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo pátákó náà bí ológbò ṣe ń wo eku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ." Kò dúró gba èsì, ó ti sáré.

Nígbà tó padà dé, ọkùnrin kan ń fi pátákó náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òmùgọ̀ wo ló gbé e síbẹ̀.

Ìyá Ìjọ ní, "Òmùgọ̀ kọ́. Ohun tó ń sọ ni pé tọ́mọ yín bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sọ́sìbítù. Tẹ́ ẹ bá máa ṣoore, ẹ ṣe é torí èèyàn, ẹ má retí ẹ̀san lọ́run. Tẹ́ ò bá mọ nǹkan, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èwo ló le níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà mirí, ó sì lọ jẹ́jẹ́. Látọjọ́ tí Ẹ̀rí-Dà ti ń pariwo, kò sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín nírú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ta ló máa kọ́ mi? Látọjọ́ tá a ti sin ọkọ mi ni mi ò ti gba nǹkan kan gbọ́ mọ́."

 Ẹ̀rí-Dà wo Màríà, ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Ìyá Ìjọ ni yín!"

"Ìyá Ìjọ náà ni mí. Nígbà tí mo ń sunkún, àwọn ni wọ́n wá sùn tì mí fóṣù kan gbáko. Wọ́n fọ aṣọ mi, wọ́n bá mi dáná. Ìwọ tó o gbọ́n jù wọ́n lọ, o ò yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ẹ̀rí-Dà, tó máa ń fún bíṣọ́ọ̀bù pàápàá lésì, fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Ó na ọwọ́ láti di tirẹ̀ mú.

Obìnrin náà wo ọwọ́ ọ̀hún. "Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tọ̀ ni. Lọ fọ̀ ọ́ ná."