Ogójì Èèyàn Ló Ní Ó Dùn

Ogójì ìwé pélébé ni Ọlọ́wọ́ọbẹ̀ tò sórí káńtà, kò sì sí ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ láìdáa. Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti bu ọbẹ̀ ẹran sínú ike kéékèèké, tó gbé e yí àdúgbò ká, tó ní kí kálukú kọ èsì: ṣé ó dùn, èló lẹ lè rà á? Gbogbo wọn ní ó dùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ fi kún un pé, "Ìyàwó wa, ọwọ́ yín ò ní rọ o."

Kí ló wá dé tí ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá?

Ó kọ́kọ́ ní owó ló wọ́n, ló bá gé e kù sí ìdajì. Wọ́n wá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dúpẹ́, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà pé ẹni tó bá ra abọ́ méjì yóò gba búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́. Búrẹ́dì ni wọ́n jẹ tán. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó dáná ní ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ọbẹ̀! Bí ọjà ò bá tà títí oṣù yóò fi parí, onílé á gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé abọ́ kan lọ bá àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì títì. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bù ú sẹ́nu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ú dànù.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ọbẹ̀ lẹ sè ni àbí iyọ̀?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú ẹ ò tiẹ̀ tì ẹ́!" ni Ọlọ́wọ́ọbẹ̀ fi dá a lóhùn. "Ogójì èèyàn ló ní ó dùn!"

"Ṣé àwọn tó mọ̀ yín ni? Màmá, ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ lójú yín?"

Ó bínú délé. Ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ọbẹ̀ yẹn náà ni, ife omi mẹ́ta ló sì wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákun, ṣé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi?"

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Láti ìgbà tó o ti dìde àìsàn lọ́dún tó kọjá ni."

"Ọdún kan! Ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ ń sọ pé ó dùn?"

"Inú rẹ ń dùn sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹnu mi ò gbà á."

Ọlọ́wọ́ọbẹ̀ bu ọbẹ̀ náà sẹ́nu, ó sì dúró. Ó mọ̀ pé ó gbóná, ó mọ̀ pé ẹran rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹni mu omi lásán ni. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bá àwọn oníyọ̀ jà pé wọ́n ń ta ayédèrú fún òun! Ẹ̀rù bà á gidigidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Má sunkún mọ́. Ìwọ ṣáà máa sè é, èmi á máa bá ọ tọ́ ọ wò."

Ó gbójú sókè wò ó.

"Ẹ̀yin?" ló wí. "Tí ẹ bá wá sọ fún mi lọ́la pé ó dùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"