Ọpẹ́ Kùkúmbà Tó Pẹ́ Lọ́nà

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, òtútù Jọ́ọ̀sì kì í bèèrè orúkọ kó tó wọ eegun. Ọ̀rọ̀ kùkúmbà ni, ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu, tó sì ń ta ni láyà.

Morónkẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ìyàwó Tíṣà Òjó, ará Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí Jọ́ọ̀sì. Tudun Wada ni wọ́n ń gbé, lọ́dún 1981. Arẹwà ni Morónkẹ́, ṣùgbọ́n ẹwà tí Ọlọ́run fún un kò tó o. Ó ra ìpara kan tí wọ́n ní ó ń sọ èèyàn di pupa, ó ń fi para láàárọ̀, ó ń fi para lálẹ́. Nígbà tí ọ̀yẹ́ dé, ojú bó. Ó di àbàwọ́n dúdú dúdú, bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ha tí kò mọ́. Ló bá di pé gèlè ló fi ń bo ojú lọ síbi ẹ̀rọ omi.

Ìyá Dúródọlá gbọ́. Opó arúgbó ni, ará Oǹdó, tí ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Gyel, lọ́nà Bùkúrù, títí ó fi kú. Òun àti Morónkẹ́ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà kí ojú tó bó, tí Morónkẹ́ kò fi yọjú síbẹ̀ mọ́, ó sì mú un bí ọmọ. Létí kòtò kùsà àtijọ́ tí omi ti kún ni ìyá yìí ń gbin kùkúmbà sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbá ló fi ń bu omi rin ín, igbá kan, igbá kan. Ó ká mẹ́fà, ó fi rán Sherifat, aránṣọ kan tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ilé Morónkẹ́.

Iṣẹ́ tí ìyá rán nìyí: "Kó ju ìpara yẹn nù. Kó gé kùkúmbà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó tẹ́ ẹ sójú, kó dùbúlẹ̀. Èyí tó bá kù, kó po kúlíkúlí lílọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, kó jẹ ẹ́. Ohun tó tu ojú á tu inú."

Morónkẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà Òjó wọlé, ó bá a lórí ẹní.

"Ìyá Akínwọlé, ṣé orí ojú lo ti wá ń ṣe sàláàdì ni? Kí n bu iyọ̀ wá?"

"Bàbá Akínwọlé, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Á já bọ́."

Ẹ sì mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá fún wa ní nǹkan lónìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó lọ kí i pé ẹ ṣé àná. Ẹni tí kò bá lọ, bí olè tó kó ni lẹ́rù ló rí. Morónkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: báwo ni yóò ṣe gbé ojú tó bó lọ dúpẹ́ oògùn ojú? Ó ní kó jinná ná. Bí màmá bá rí ojú tó ń dán, ìyẹn gan-an lọpẹ́.

Sátidé kan kọjá. Èkejì kọjá.

"Àǹtí, ẹ ò tíì lọ sí Gyel?" Sherifat bi í.

"Ó ku díẹ̀. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yìí."

"Haba, Àǹtí. Ojú kọ́ ló ń dúpẹ́, ẹnu ni. Màmá tilẹ̀ bi mí bóyá èmi ni mo jẹ ẹ́ lọ́nà. Mo ní ó dé ọwọ́ yín pé."

"Ò bá sọ pé o jẹ méjì níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n bá yín sọ pé ẹ ṣé."

"Rárá o. Mi ò lè rán èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Èmi fúnra mi ni n ó kúnlẹ̀."

Ní Sátidé kẹrin, Morónkẹ́ wo dígí, ojú ti mọ́. Bóyá kùkúmbà ni o, bóyá ìpara tó jù nù ni o, kò mọ̀. Orin ló fi wọṣọ:

Ojú tó ṣú, ó ti là,
Gyel, Gyel là ń lọ.
Màmá, ẹ wá wo ojú ọmọ,
Gyel, Gyel là ń lọ.

Ó wọ mọ́tò Bùkúrù, ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Gyel. Bẹ́ǹṣì ló kún iwájú ilé ìyá, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà mọ́wọ́. Dúródọlá, ọmọ ìyá, dìde pàdé rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. Àná la sin wọ́n."

Morónkẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni Morónkẹ́. Èmi ni wọ́n fi kùkúmbà ránṣẹ́ sí."

Dúródọlá wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ó korò, àbí? Màmá ní ó ní láti korò. Wọ́n ní apá àwọn ò ká omi pípọn mọ́, pé òùngbẹ ló sọ ọ́ di kíkorò, pé ìyàwó Tíṣà ò fẹ́ dójú ti àwọn ló ṣe dákẹ́. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ ká ká a fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wà nínú oko níbẹ̀ yẹn tó ń pọ́n."

"Kò korò," ni Morónkẹ́ wí. "Ó dùn." Ó tún un sọ. Etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀.

Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ó tọrọ ọ̀bẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó ká èyí tí kò tíì pọ́n, ó bó o, ó ń tọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó gé e sínú abọ́. Aládùúgbò kan gbé kúlíkúlí jáde, òmíràn mú àlùbọ́sà wá. Bó ti ń gbé abọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ń kúnlẹ̀, tó ń wí pé, "Ìyá Dúródọlá ló ní ká jẹ."

Bàbá arúgbó kan jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. "Ta ló ní eléyìí korò?"

"Ẹni tó gbìn ín ni, Bàbá," ni Dúródọlá dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, kálukú ṣan ọwọ́, wọ́n di díẹ̀ fún àwọn ọmọ nílé, wọ́n yó, wọ́n ń kí ara wọn lọ. Morónkẹ́ náà jẹ, ó yó. Ó wọ mọ́tò padà sí Tudun Wada, ojú rẹ̀ ń dán, kò sì rí ẹni tó fẹ́ fi hàn mọ́.