Ìdérí Tó Ń Dún ní Òpópónà Wharf

"Mo mà sùn dáadáa mọ́jú òní," ni Nan Edie wí, bó ṣe ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì yíyan. "Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìdérí mi ti padà sẹ́nu orin rẹ̀."

Merridy, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń so okùn bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn náà.

"Ìdérí wo, Nan?"

"Ti gọ́tà ìsàlẹ̀ yìí ni. Kìn-ìn, kọ̀. Kìn-ìn, kọ̀. Bí omi òkun ṣe kún nídàájí ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ ò lè dí gbogbo wọn pa." Ó ti àwo síwájú ọmọ náà. "Jókòó kó o jẹun, jàre. Èwo ni ká máa wò mí bí ẹni rí iwin láàárọ̀?"

Láti ìgbà tí Merridy ti gbọ́njú ni ìró yẹn ti wà létí òun náà. Òpópónà Wharf kò jìnnà sí èbúté. Bí omi òkun bá kún rẹ́rẹ́, á ti afẹ́fẹ́ wọ inú gọ́tà, afẹ́fẹ́ náà á gbé àwọn ìdérí irin tó wà láàárín títì sókè díẹ̀, á tún jù wọ́n sílẹ̀. Ìró ọ̀hún ni wọ́n fi ń rẹ àwọn ọmọ àdúgbò sùn ní Port Arrol. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́rú, gbogbo rẹ̀ ti pa lọ́lọ́, nítorí Merridy àti ẹgbẹ́ jórinjórin rẹ̀ ti jó gbogbo ìdérí náà mọ́ ẹnu ihò wọn. Nan Edie bínú nígbà náà bí ẹni tí wọ́n gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn ò jó wọn fún eré. Bí mọ́tò ìdíje bá ń sáré ju igba kìlómítà lọ ní wákàtí kan, abẹ́ rẹ̀ a máa fa ohun tó bá wà nílẹ̀. Irin tí ọkùnrin méjì ń pawọ́ pọ̀ gbé á fò sókè bí ewé gbígbẹ, á sì wọ inú mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò yẹn kò ní mọ ohun tó pa á.

Òní sì ni ọjọ́ ẹtì. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwọn mọ́tò ìdíje máa kọ́kọ́ sáré lójú títì yìí láti fi dánra wò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìlú náà ti wà. Aago ara ògiri fi aago méje ku ogún ìṣẹ́jú hàn.

"Ṣé ó dá yín lójú, Nan?"

"Orókún ló ń dùn mí. Etí kọ́."

Merridy jáde sí bákónì. Nan ti to àga mẹ́fà síbẹ̀ láti ọjọ́ ajé, ó kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà jà. Merridy tẹ etí sílẹ̀. Ẹyẹ òkun ń ké. Ẹnì kan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò lọ́nà jíjìn, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì. Omi òkun ti ń fà padà, kò sì sí ìró kankan láti inú gọ́tà mọ́.

Títì tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà èwe ti di àjèjì sí i. Ògiri kọnkéré fún un lọ́tùn-ún lósì, wáyà gíga wà lórí ògiri, táyà sì wà ní ìtòtò níbi tí ọ̀nà ti yà. Láàárín rẹ̀, ìdérí mẹ́fà tó jẹ́ ìpín Merridy tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀dà pupa rúsúrúsú bí pupa inú ẹyin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Jórinjórin kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé kéèyàn jó irin, kó fi òòlù lù ú, kó gbọ́ bó ṣe dún, kó tó kùn ún. Ọ̀dà náà ni ẹ̀rí. Ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wò, ọ̀dà ló wò, ló bá kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ṣú, wọn a máa kùn ún ṣáájú, nítorí ọ̀dà kì í mú irin tútù. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta.

Lọ́jọ́rú, òjò ṣú.

Ó padà wọlé, ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ awọ tó fi ń jórin, tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pá ìjórin méjì ni ìdérí kan máa ń gbà. Méjìlá ló gbà fún ìdérí mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ ba ọ̀pá méjì nínú àpò náà, wọ́n pé, iná ò kàn wọ́n rí.

Ó túmọ̀ sí pé ìdérí kan wà tí kò jó. Ó gbìyànjú láti rántí. Ó kun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn awakọ̀ ìdíje wá fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n, bí ìṣe wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Imogen Teague, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ páì ẹran lọ́wọ́, dúró lórí ọ̀dà rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kilẹ̀.

"Sista, ṣé èyí dúró?"

Merridy wo ilẹ̀, ó rí ọ̀dà ara rẹ̀. "Kíréènì ò lè gbé e," ló dá a lóhùn.

Imogen rẹ́rìn-ín. "Ó dáa o. Orí ẹ ni mò ń lé e." Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́, Merridy sì sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìdérí wo ni ọmọ yẹn dúró sí? Kò rántí.

Ó já aṣọ awọ náà gbà lára ìṣó, ó sáré sọ̀kalẹ̀.

Vlado, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lẹ́nu géètì tí wọ́n ń gbà wọ ojú ọ̀nà ìdíje, ó ń mu kọfí.

"Ọ̀gá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì lo tún ń wá fún màmá àgbà, sọ fún wọn pé bákónì wọn sàn jù."

"Mi ò jó ọ̀kan nínú àwọn ìdérí mi."

Vlado gbé ife kúrò lẹ́nu. "Ọ̀dà wà lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ojú mi ló ṣe."

"Mo kùn wọ́n ṣáájú. Òjò ń bọ̀."

Bàbá náà gbé ife náà sílẹ̀. Bó bá ṣe pé ohun mìíràn ni, ì bá ti jágbe mọ́ ọn. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń mì?"

"Nan mi gbọ́ ọ."

"Nan ẹ."

"Àti èyí." Ó na ọ̀pá méjèèjì sí i.

Vlado yí wọn lọ́wọ́. "O lè ti mú mẹ́rìnlá."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka méjìlá lé mi lọ́wọ́, Ọ̀gá."

Vlado wo ojú títì lọ, ó wo ojú títì bọ̀. Àwọn òǹwòran ti ń kún orí àga ìwòran díẹ̀díẹ̀. "Gbọ́, Merridy. Mo ti fọwọ́ síwèé. Tí mo bá ní kí wọ́n dúró, tá a sì bá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní dídúró gbọin, a di ẹni yẹ̀yẹ́. Tá a bá wá rí ọ̀kan tó ń mì, o kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí lónìí. O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọdún mẹ́rin lo fi kọ́ṣẹ́ yìí."

"Ẹ pè wọ́n, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́."

Vlado pe àwọn tó ń darí ìdíje lórí rédíò ọwọ́. Àwọn yẹn ní kó dúró, wọ́n lọ bi ẹlòmíì, ẹni yẹn náà tún lọ bi ẹlòmíì. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni ohùn obìnrin kan tó ṣílẹ̀kùn ọ̀nà fún wọn. "Òpópónà Wharf, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Apá ìsàlẹ̀ ni géètì wà, nítorí náà ìdérí kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn. Merridy ki ọ̀pá irin gígùn sí etí rẹ̀, Vlado gun ọ̀pá náà. Kò mira. Ìkarùn-ún, kò mira. Ẹnì kan kígbe láti orí àga ìwòran, "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé yín ló já sí gọ́tà ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìkẹrin, kò mira. Vlado nu àágùn ojú rẹ̀, kò wo Merridy. Ọkàn ọmọbìnrin náà pín sí méjì: apá kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo wọn dúró gbọin, kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yí po, apá kejì ò sì gbà pé Nan lè ṣi ìró yẹn gbọ́.

"Ẹ sún sókè díẹ̀ sí i," Nan Edie kígbe láti bákónì, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Iwájú ilé ẹlẹ́ja díndín ni."

Ìdérí kẹta ló wà níwájú ilé ẹlẹ́ja díndín. Kí Merridy tó bẹ̀rẹ̀ lé e ló ti rí i: ipa bàtà tóóró kan wà nínú ọ̀dà náà, tó ti gbẹ síbẹ̀. Imogen Teague ti dúró lórí rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Vlado ò tíì gun ọ̀pá irin náà tí ìdérí fi ta sókè. Òórùn omi òkun jáde láti abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà nìkan ló ti dì í mú láti ọjọ́rú, omi ìdájí òní sì ti já a.

Vlado sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Merridy fi àkísà nu etí irin náà títí tó fi gbẹ, ó da ìbòjú bojú, ó sì fi ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì ọjọ́rú yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti orókún kí ọwọ́ lè dúró. Iná ìjórin tàn yòò. Ó rọra ń fà á lọ yí etí ìdérí ká, kò kánjú, nítorí irin tí wọ́n fi ìkánjú jó á kàn dà bí ẹni tó dì mọ́ra ni, kò dì mọ́ra.

Ìgbà tó fi ọ̀pá kejì sí i ni ẹ́ńjìnì mọ́tò àkọ́kọ́ bú ramúramù lọ́hùn-ún. Ìró rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọ orókún rẹ̀.

"Òpópónà Wharf, ẹ kúrò lójú ọ̀nà," ni obìnrin orí rédíò náà wí.

"Ìṣẹ́jú méjì," ni Vlado wí.

"Kò sí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kúrò."

Vlado yí ohùn rédíò náà walẹ̀ pátápátá, ó sọ ọ́ sápò. "Ṣe é bó o ṣe kọ́ ọ," ló sọ fún ọmọ náà.

Merridy parí rẹ̀. Ó gbé òòlù, ó lu ìdérí náà. Ìró tó jáde kì í ṣe kìn-ìn, kì í ṣe kọ̀. Ó dún gbùn, ó sì kú sínú ilẹ̀. Merridy na ọwọ́ sí agolo ọ̀dà rẹ̀. Vlado mú un lọ́wọ́ ṣáájú. Ó mú agolo tirẹ̀, ó fi àwọ̀ aró fa ìlà kan kọjá lórí ipa bàtà náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é: ìdérí tí ẹnì kan bá ṣì ṣe, ẹlòmíì ló ń jẹ́rìí rẹ̀.

Wọ́n wa ọkọ̀ jáde, wọ́n ti géètì. Lẹ́yìn ògiri, Vlado na ọwọ́. Merridy bọ́ aṣọ awọ ọrùn rẹ̀, ó ká a, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá náà dì í mú láì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Èmi náà ń kùn ún ṣáájú," ló wí. "Ọdún mọ́kànlélógún."

Merridy ti fi etí ti kọnkéré.

Mọ́tò funfun kan yọ ní ibi tí ọ̀nà ti yà, Imogen Teague ló wà nínú rẹ̀. Ìró rẹ̀ ga sí i, ó ga sí i, títí tí wáyà orí ògiri fi ń gbọ̀n. Ó kọjá lórí ìdérí kìíní. Ìkejì. Merridy di ojú. Ìkẹta. Kò gbọ́ nǹkan kan ju mọ́tò lọ.

Òṣìṣẹ́ ìdíje kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn fọwọ́ kàn án léjìká. "Àǹtí, ẹ ò lè dúró síbí."

"Ẹ fún mi ní mọ́tò kan sí i," ló wí, kò ṣí ojú. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀kan sí i."