Àfòpiná Inú Sányán

Àbíkẹ́ da àpò náà sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ilé kòkòrò sányán bí ogójì ló yí kálẹ̀, àwọ̀ wọn pọ́n bí ewé gbígbẹ, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó ṣeé ran òwú mọ́ nínú wọn. Gbogbo wọn ló ti lu bí ajere, nǹkan dúdú bí ìyẹ̀fun sì ń dà jáde nínú ihò wọn.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Inú yàrá kan náà ni èmi àti ìyálé mi ń kó o sí. Tiwọn kò bàjẹ́ rí." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Oyún tó bàjẹ́ níbí náà ńkọ́? Ta ló jẹ ìyẹn?"

Fágbóhùn tó jẹ́ baálé ilé tẹjú mọ́lẹ̀. Àjíkẹ́, ìyálé, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ran òwú rẹ̀ lọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti lò nínú ilé náà, ní abúlé kékeré kan lẹ́yìn Olódò.

"Ìyá Ọláníyì," Fágbóhùn sọ níkẹyìn, "o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́," ni Àjíkẹ́ dáhùn. "Mo ti sọ fún un pé kó máa tètè se tiẹ̀ nínú omi eérú, kó yé tò ó jọ dìgbà tó bá pọ̀. Kò gbà."

Ọláníyì, ọmọ kan ṣoṣo tí Àjíkẹ́ bí, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbàdàn ló ti wá. Ní oko ìjọba tuntun tí wọ́n dá síbẹ̀, òyìnbó kan tó ń wádìí àwọn kòkòrò tó ń ba irè jẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọláníyì ló ń fi abẹ́rẹ́ kan kòkòrò mọ́ inú àpótí, tó sì ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń jẹ sára ìwé pélébé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa mẹ́ta nínú àwọn ilé sányán náà.

"Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ó jọ pé kòkòrò ló jẹ ẹ́."

"Kòkòrò ló ṣe sányán," ni Fágbóhùn dáhùn. "Ṣé kòkòrò a máa jẹ ilé ara rẹ̀ ni?"

Ọláníyì kó wọn sínú ìgò ní Ìbàdàn, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wò ó. Ó rí ìdin funfun tín-ín-tín tó ń jẹ òwú sányán náà, tó ń lu ihò kiri inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìdin náà fi òwú wé ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, àfòpiná kan jáde, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, àmì dúdú méjì sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Òyìnbó fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó títí, ó sì tú àwọn ìwé ńláńlá rẹ̀ palẹ̀.

"Kò sí níbí," ó wí. "A ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ni yóò sọ ìdílé tó ti wá àti orúkọ tí yóò máa jẹ́."

"Ṣùgbọ́n mo rí i, sà, bó ṣe ń jẹ sányán."

"Ohun tí o rí nìyẹn. A kò tíì mọ ohun tó jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọláníyì gbé lọ sílé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í léèrè ibi tí ìwádìí dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ìwé dé, Bàbá." Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí wọ́n fi pe Àjíkẹ́ ní àjẹ́, tí wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Lìádì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wá mú un lọ sí Adégbayì.

Ọjọ́ Ìsinmi ni Ọláníyì máa ń lọ wò ó. Kò ran òwú mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀ sún mọ́ra.

"Ọláníyì, ṣé èèyàn lè máa ṣe é kó má mọ̀?"

"Kó máa ṣe kí ni, Ìyá?"

"Mo ń ro àwọn àlá tí mo máa ń lá. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ara mi láàárín igbó. Bóyá èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́. Àfòpiná ni."

"Ṣé òyìnbó ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò tíì sọ."

Ìyá rẹ̀ mi orí, bí ẹni tí wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Inú ọyẹ́ ọdún náà ló kú.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ìwé tó ti òkè òkun dé. Àfòpiná náà jẹ́ irú tí ẹnìkan kò kọ sílẹ̀ rí, ìbátan ni òun àti àwọn tó ń jẹ aṣọ onírun. Wọ́n fún un ní orúkọ gígùn kan, orúkọ òyìnbó ọ̀gá Ọláníyì sì wà ní ìparí rẹ̀. Ìwé náà ní inú ilé kòkòrò sányán ni ìdin rẹ̀ ń gbé, òwú rẹ̀ ló sì ń jẹ. Ọ̀rọ̀ tí Ọláníyì kọ sára ìwé pélébé gan-an ni wọ́n tún kọ padà sí i.

Òyìnbó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Inú rẹ kò dùn?"

"Ó dùn, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìwé náà lọ sí abúlé, ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àbíkẹ́ fara ti ògiri.

"Oyún mi ńkọ́?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

"Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ oyún. Ẹ má bínú."

Fágbóhùn nawọ́ sí ìwé náà. "Ìwé yìí pẹ́ jù."

"Èmi ni mo pẹ́, Bàbá. Mo ti mọ̀ kí ìwé tó dé. Ojú mi yìí ni mo fi rí i nínú ìgò. Ẹ bi mí, mo ní kí ẹ jẹ́ kí ìwé dé. Ìyá mi bi mí, ohun kan náà ni mo sọ fún wọn."

Fágbóhùn dìde. "Níbo ni Lìádì sin ín sí?"

"Ẹ̀yìn ilé wọn, nídìí igi ìyeyè."

"Máa ṣáájú. Mú mi débẹ̀."

Ọláníyì ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò. "Mi ò lè ṣáájú yín, Bàbá. Ẹjọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ń lọ rò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn."

Wọ́n mú ọ̀nà Adégbayì pọ̀n. Àbíkẹ́ wé gèlè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é, àmọ́ ó tẹ̀ lé wọn, ó jìnnà sí wọn díẹ̀.