Oko Tí Ojú Kì í Tó Òpin Rẹ̀

Bí ẹnì kan bá wà tí kò jẹ́ kí ìjọba sinmi lórí owó ìrànwọ́ àgbẹ̀, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni. Kò sí ìpàdé tí kì í dìde, kó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, kó béèrè pé àwọn ta ló ń gbowó yìí, báwo ni oko wọn sì ṣe tóbi tó. "Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò," ni yóò wí. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Òun náà á dúró kí àtẹ́wọ́ tán dáadáa kó tó jókòó.

Ó sú ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó: lọ́jọ́ Ajé, àwọn á lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó gbowó mọ́ ògiri, pẹ̀lú ìwọ̀n oko kálukú àti iye tó gbà.

Inú ẹgbẹ́ dùn. Alága délé, kò lè jẹun.

"Kí ló dé?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. "Ṣebí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá lẹ rí yìí."

"Wọ́n ní àwọn á kọ ìwọ̀n oko sí i."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́."

"Mo mọ̀."

Ìyàwó wò ó títí, ọ̀rọ̀ wá yé e. Oko Alága, tó máa ń sọ fún ẹgbẹ́ pé ojú kì í tó òpin rẹ̀, kò ju ibi tí ewúrẹ́ méjì lè jẹ̀ kí wọ́n má forí gbárí lọ. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Ó máa ń ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dáa. Oko ńlá yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fi í jẹ alága. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá wọn oko fún ìjọba kò wọn ẹnu, ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀n.

"Ó rẹ̀ mí o, bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó wí. "Àwọn yòókù ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ pé àwọn jalè. Ẹ̀yin, ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò jí nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kejì, Alága lọ tò lọ́dọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì náà, lẹ́yìn àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín tiwọn kù.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún oko mi."

Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ ní kí n fi kún un?"

"Díẹ̀ péré. Kó ṣáà jọ oko alága."

"Bàbá, bí mo bá sọ oko yín di ńlá, tí owó yín kéré, wọ́n á ní èmi ni mo jẹ ìyókù. Bí mo bá sọ owó náà di ńlá, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Èwo lẹ fẹ́?"

Alága ronú. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, èkejì wù ú díẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé," ni akọ̀wé wí. "Ẹlòmíì dà?"

Lọ́jọ́ Ajé, èrò pé síwájú ògiri. Wọ́n rí aránṣọ kan tí kò ní ju abẹ́rẹ́ lọ, oko rẹ̀ tó ìlú. Wọ́n bú u tẹ́rùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti rí Alága. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti parí nìyẹn.

Akápò ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo ìwà ìkà. Oko tó tóbi báyẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ti jẹ owó Alága wa, torí pé ó ń sọ òótọ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ tún un wọ̀n," ni wọ́n ń wí. "Akọ̀wé, ẹ mú okùn yín dání."

Alága ní kí wọ́n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe ní sùúrù. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ọkọ rẹ̀ sọ, pé bí oko náà ṣe mọ nìyẹn. Kò sọ ọ́. Ó tún kọ́là ṣe, ó bọ́ síwájú wọn, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà fún mọ́ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n dé oko. Akọ̀wé na okùn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tó nà lọ. Ẹgbẹ́ ń wọlé, oko kún, àwọn tó kù dúró sáàárín àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Alága," ni akápò wí, "ibo ni ìyókù wà?"

Alága wo ìyàwó rẹ̀. Àgbàdo ni ìyẹn ń wò.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn," ó ní, "ẹ rọra. Oko olóko lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn."