Kíláàsì Inú Pálọ̀ Káfíńtà

Bí ọkọ mi bá ń wàásù, ẹni tó ń sùn ní òpópónà kejì á jí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Pásítọ̀ Àrá. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀: géètì, ilẹ̀kùn onírin, irin ojú fèrèsé. Ariwo irin ló ti bá dàgbà, bóyá ibẹ̀ ni ohùn ọ̀hún ti wá. Nígbà tí pásítọ̀ tó dá ìjọ wa sílẹ̀ kú, àwọn àgbà ìjọ wò yíká, wọ́n ní òun ni kó máa bójú tó agbo. Kò lọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó fẹ́ràn èèyàn, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù. Ó rò pé ìyẹn ti tó.

Èmi ìyàwó rẹ̀, télọ̀ ni mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí èèyàn bá gbé àlùmọ́gàjí kó tó wọn aṣọ, aṣọ oníaṣọ ló máa bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń gbọ́ ìwàásù ọkọ mi. Á ṣí Bíbélì, á fa gbólóhùn kan yọ láàárín, á gé e, ó ti di iná nìyẹn. Ìjọ á hó, "Àmín!" Èmi náà á ṣe Àmín. Àmọ́ tí mo bá délé tí mo ka orí yẹn tán, mo lè rí i pé ọ̀rọ̀ tó ní kí gbogbo wa gbà mọ́ra yẹn, ẹnu ọ̀tá ló ti jáde. Mi ò sọ. Ọkọ ẹni ni, pásítọ̀ ẹni tún ni. Ibo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀?

Ìgbà yẹn ni àgbàlagbà obìnrin òyìnbó kan dé sí àdúgbò wa. Míṣọ́nnárì ni, kò lọ́kọ, kò bímọ. Kò wá dá ìjọ sílẹ̀. Yàrá ńlá kan ló gbà lókè ilé ìtajà oògùn, ó kó bẹ́ǹṣì sí i, ó ní kí àwọn pásítọ̀ tí wọn ò láǹfààní ilé ẹ̀kọ́ máa bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn jọ máa ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kan dé òpin rẹ̀. Màmá Olùkọ́ là ń pè é. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá fẹ́ pe àwọn pásítọ̀ ní ọ̀rẹ́ òun, "ẹ̀yin ọrẹ́ mi" ló máa ń jáde. Ìyẹn ni pé pàṣán ni wọ́n. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in láìmọ ohun tó fà á.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nínú ìjọ wa. Òun ni igbákejì ọkọ mi lórí pẹpẹ, ọ̀rẹ́ ọmọdé rẹ̀ sì ni. Ó bẹ ọkọ mi títí kí wọ́n jọ máa lọ.

"Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ mi," ọkọ mi ní.

"Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jórin?" Káfíńtà bi í. "Ṣebí ojú mi ni ọ̀gá ẹ ṣe ń gbá ẹ létí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Kò lọ.

Èmi ni mo kó o sí i níkẹyìn. Màmá Olùkọ́ gbé kọ́tìnì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun ká etí rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ní, "Ọkọ yín ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé mi." Ojú tì mí. Mi ò mọ̀gbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Á wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, Mà."

Nígbà tí mo sọ fún un nílé, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá ilé, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹyin lohùn, Bàbá wọn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe ìyàwó pásítọ̀ ní onírọ́ ni?"

Ó wò mí títí. Ó gbé ṣíbí padà.

Ó lọ lóòótọ́, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀. Màmá Olùkọ́ ní kó ka ẹsẹ kan tó fẹ́ràn fún àwọn. Ọkọ mi dìde, ó sán an bí àrá, fèrèsé gbọ̀n. Màmá Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá rọra béèrè pé, "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́?"

Ọkọ mi ṣí ìwé sẹ́yìn. Ó kà á, ó tún un kà. Ó jókòó.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá ilé, ṣé o mọ̀ pé ọ̀tá ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi súre fún ìjọ yẹn?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?" mo ní, mo sì tẹrí ba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi kó má baà rí ojú mi.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró nílé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí oníbàárà bá wá, á ní kí wọ́n padà wá lọ́sàn-án. Òun àti Káfíńtà á jọ máa bọ̀ lọ́nà, wọ́n á máa jiyàn bí ẹni tó ń pín ogún. Wọ́n dé orí ìtàn Jóòbù. Màmá Olùkọ́ bi wọ́n pé ìgbà wo ni àwọn ọ̀rẹ́ tó wá kí Jóòbù ṣe dáadáa jù lọ. Káfíńtà ní, "Ìgbà tí wọ́n jókòó tì í tí wọn ò tíì la ẹnu ni."

Ọkọ mi bá dìde. "Mà, ẹ ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ látijọ́ o. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, wọ́n di ọrẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún Màmá Olùkọ́ ohun tó ti ń pè wọ́n. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ tó ń nu omijé.

Òjò dé, òrùlé ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọkọ mi ní kí Káfíńtà bá wa wò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Káfíńtà gun òkè, ọkọ mi di àkàbà mú nísàlẹ̀. Igi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ti jẹrà lábẹ́ páànù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ó dá. Káfíńtà já bọ́, ẹ̀yìn ló fi balẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yàwòrán egungun rẹ̀, ó pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú, kò ní lè fi wọ́n rìn mọ́.

Àwọn ará ìjọ kún inú wọ́ọ̀dù. Nígbà tí ọkọ mi wọlé, wọ́n yà fún un. Ẹnì kan ní, "Pásítọ̀, ẹ pàṣẹ! Ẹ ní kó dìde!" Mo mọ ọkọ mi. Ká ní ọdún tó ṣáájú ni, ì bá ti fa Káfíńtà lọ́wọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbàdúrà, ó bẹ Ọlọ́run pé kó wo ọ̀rẹ́ òun sàn, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Oòrùn kọjá lórí fèrèsé, ilẹ̀ ṣú, kò dìde níbẹ̀.

Ìdílé méjì fi ìjọ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní Pásítọ̀ Àrá ti tutù, pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ti pa iná rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Èmi ni mo rí i nígbà tó ń jẹun tí oúnjẹ kò lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé Káfíńtà wálé, ìṣòro mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe irun lẹ́bàá ọ̀nà, á sá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá kí i, ojú ni á fi dá mi lóhùn." Ọkọ mi lọ jó irin kan sókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó lè máa dì í mú dìde. Ó fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi dán, kó má baà gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Káfíńtà wo irin yẹn. "Kí ni mo fẹ́ dìde lọ ṣe?"

Ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé kíláàsì. Màmá Olùkọ́ gbọ́ ọ. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde, ó ní, "Káfíńtà ò lè gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì."

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà tí mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá: àwọn pásítọ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn, bẹ́ǹṣì lórí, Màmá Olùkọ́ níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù béèrè pé ṣé wọ́n lé wọn nílé ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí pálọ̀ Káfíńtà, wọ́n ká kọ́tìnì tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá sókè, kó lè máa gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Olùkọ́ kí i, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Káfíńtà á sì kọjú sí ògiri rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé mo gbé súwẹ́tà tí mo tún ṣe fún ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn pásítọ̀ méjì ń jiyàn lórí ẹsẹ kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Màmá Olùkọ́ ń wò wọ́n. Ariwo ń lọ sókè.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Láti inú yàrá ni. Gbogbo wa yíjú. Káfíńtà ti di irin orí bẹ́ẹ̀dì mú, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ó ti fa ara rẹ̀ sókè kó lè rí ojú wọn.

"Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀yin méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ padà lọ sókè, kí ẹ kà á wá!"

Ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ ní kíṣíìnì. Mo gbọ́ tí abọ́ já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń kán fún omi, ó dì mọ́ mi, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi tẹrí ba, ó ń fi apá aṣọ nu omijé. Màmá Olùkọ́ nìkan ló ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí," ó ní. "Ẹ kà á láti òkè."

Káfíńtà kò fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. N kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ilé yẹn ti padà di ilé. Ọkọ mi jó àga onítáyà kan fún un, èmi rán tìmùtìmù rẹ̀. Màmá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní orí kan láti fi kọ́ àwọn yòókù, lẹ́yìn náà ìwé kan odindi. Àwọn pásítọ̀ mìíràn gbọ́, wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá. A ń tẹ́ ẹní fún wọn nínú ìjọ. Ọ̀kan nínú ìdílé méjì tó lọ yẹn padà wá. Bàbá wọn ní ìgbà tí ìyá òun ń kú lọ́wọ́ lòun rántí bí ọkọ mi ṣe jókòó lórí àpótí, òun sì fẹ́ irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìdílé kejì kò padà. A ṣì ń kí ara wa lọ́nà.

Orúnkún Màmá Olùkọ́ kò gbé e mọ́ nígbà tó yá, àwọn èèyàn rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, pálọ̀ Káfíńtà kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi ló máa dúpẹ́. Ó dìde.

"Mà, ẹ bá wa níbi tá a ti ń fún ara wa ní ohun tá ò tíì yẹ̀ wò. Ẹ kò bú wa. Ẹ kò gba ìjọ wa lọ́wọ́ wa. Ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀. Ọlọ́run á tẹ́tí sí ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ké pè é."

Màmá Olùkọ́ dìde. Ó rìn lọ bá Káfíńtà, ó gbé Bíbélì ńlá tó fi ń kọ́ wọn lé e lẹ́sẹ̀, ó sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Káfíńtà ló kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ tuntun kan bi Káfíńtà lójú gbogbo èèyàn bóyá Ọlọ́run dáhùn àdúrà tá a gbà fún un ní ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rọ̀ náà lè dùn ún. Kò dùn ún.

"Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹsẹ̀," ó ní. "Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Ní báyìí ná, ẹ wo iye èèyàn tó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rìn wá bá mi nínú pálọ̀ yìí. Mo dúpẹ́. Ó yá, ẹ ṣí ìwé yín."