Ìbọn Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún tí òjò kọ̀ láti rọ̀ ní Wirrabin, tí àlìkámà gbẹ mọ́lẹ̀, Merv Pickering fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Raelene, ló bá a nínú àká pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Hollis, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà nílùú wọn, wá kó ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Merv ní lọ, ó tì wọ́n mọ́ inú sééfù àgọ́ rẹ̀.

"Mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé o," ni Hollis wí. "Tí n bá kọ ọ́, gbogbo ayé á gbọ́. Merv, ìgbà tára ẹ bá yá, wá bá mi, ká jọ mu bíà, ká sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ara Merv ń yá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí kì í fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Raelene a wo ojú ọkọ rẹ̀, a rántí ibi tí ìbọn wà, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìjọba rántí Wirrabin! Wọ́n kun àgọ́ ọlọ́pàá láti òkè délẹ̀, wọ́n ṣe ọgbà irin tuntun yí i ká, wọ́n ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún dọ́là ló bá a lọ. Mínísítà wá gé ríbọ́ọ̀nù, ó jẹ síkóònù, àkàrà òyìnbó tí Raelene fọwọ́ ara rẹ̀ yan, mẹ́rin gbáko. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n ní àgọ́ ọ̀hún ń jẹ owó jù, wọ́n tì í pa. Ẹ gbọ́, ta ló jẹ owó, bí kì í bá ṣe ẹni tó kun ilé tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé? Hollis wà ní ìsinmi létíkun nígbà náà; ibẹ̀ ni ìwé ti bá a pé kó má padà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan wakọ̀ wákàtí méjì wá láti Tallawong, àgọ́ tó gba iṣẹ́ Wirrabin, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Sééfù la ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ara ìbọn yìí fi hàn pé ti bàbá ni. Mo ní kí n má da àwọn àgbà láàmú, mo bá kó o wá."

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Raelene di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Kó wọn padà. Hollis ló ń bá wa tọ́jú wọn. Ọkọ mi ò gbọ́dọ̀ rí wọn."

"Kò sí nínú ìwé, mà."

"Èmi ni mò ń sọ fún ẹ! Ṣé ẹnu tèmi kì í ṣe ẹnu ni?"

"Àfi tẹ́ ẹ bá gba lẹ́tà dókítà wá. Ẹ̀yin alára ò sì ní láísẹ́ńsì, mà. Bàbá nìkan ni mo lè kó o lé lọ́wọ́."

Merv jáde sí wọn. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó kó ìbọn wọlé, ó tì wọ́n mọ́ sééfù tirẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Raelene gé ẹran àgùntàn àná, ó ń wo àpò ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Nígbà tó pẹ́, Merv fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó tì í sí i lórí tábìlì.

"Gbà á, Rae, kí n tó yí ọkàn padà."

Raelene ò dúró kó awo. Ó gbé ẹ̀rọ tí Merv fi ń gé irin, ó gé ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ri àwọn ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀ lóòró nínú ọgbà tòmátì. Olóòótọ́ èèyàn ni, ó bá kọ lẹ́tà sí Tallawong pé ìbọn ò sí mọ́.

Nígbà tí olè kó ọgọ́rùn-ún àgùntàn aládùúgbò wọn lọ, àwọn Tallawong ní àwọn ò ní ọkọ̀. Nítorí lẹ́tà Raelene, ọlọ́pàá méjì dé lọ́jọ́ kẹta.

"Mà, ẹ ò ní láísẹ́ńsì, ẹ fọwọ́ kan ìbọn, ẹ tún bà á jẹ́. Ẹjọ́ ni o. Ìbọn ọ̀hún dà?"

Raelene nawọ́ sí ọgbà. Merv bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi okùn so ẹ̀ka tòmátì mọ́ ọ̀pá ìbọn. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ ọjọ́sí ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́.

"Òní lẹ wá mọ ìwé kọ?"

"Ó pọn dandan ká kọ ọ́, mà."

"Ó dáa. Kọ ọkùnrin tó ń so tòmátì yẹn náà sí i. Kọ ọ́ pé ó wà láàyè."